Ohun Tí Fọ́ọ̀mù Kò Kà

Ọjọ́rú ni wọ́n rán mi lọ sí Girgaon, ní Mumbai,
nínú òjò tó ń rọ̀ bí ẹni tó ń bínú,
èmi àti tépù àti fọ́ọ̀mù mẹ́rìnlélọ́gọ́ta:
yàrá kan, fọ́ọ̀mù kan.
Iṣẹ́ mi ò ju kí n wọn ilé kí wọ́n tó wó o.

Wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri ìsàlẹ̀:
ILÉ YÌÍ LÉWU.
Ẹnìkan sá aṣọ ọmọ jòjòló sábẹ́ rẹ̀.

Àjà kẹta, yàrá kejìlélógójì.
Anusuya Mayekar, opó, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin,
ti gbálẹ̀ dè mí bí ẹni ń retí àna.
Mo na tépù, ó bá mi di etí kejì mú.
Ẹsẹ̀ bàtà mọ́kànlá ní ìbú.
"Tún un wọ̀n. Kọ́bọ́ọ̀dù ti jẹ ínṣì mẹ́rin níbẹ̀."
A jọ ti kọ́bọ́ọ̀dù.
Òótọ́ ni. Ínṣì mẹ́rin.

Ó gbé agolo bisikíìtì sílẹ̀, ó ṣí i:
rísíìtì owó ilé, rúpì méjìdínlógójì lóṣù,
òfin ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nǹkan lé e.
"Vora àgbà máa ń gun òkè wá gbà á, á mu tíì.
Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ ò gbà á mọ́.
Mo ń fi í ránṣẹ́ ní pósítọ́fíìsì, wọ́n ń dá a padà.
Ọdún mẹ́sàn-án ìdápadà rèé."
Òǹtẹ̀ lórí òǹtẹ̀.
Owó tí kò ní ra àgbọn méjì,
òun ló fi so ara rẹ̀ mọ́ èbúté.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ̀ ọ́.
Ògiri yìí lanu: apá mi wọ inú rẹ̀ dé ìgúnpá.
Ọdún mẹ́tàdínlógún ni páìpù ti ń jò lókè,
tí onílé ń gbọ́ tó! tó! tó!
bí ẹni tó ń gbọ́ kí wọ́n máa kówó fún un.
Òfin ní kò gbọdọ̀ lé ayálégbé.
Òfin náà ló ní bí ilé bá fẹ́ wó, kí gbogbo wọn jáde.
(Èmi náà rò ó: rúpì méjìdínlógójì,
bíríkìlà wo ni yóò torí ẹ̀ gbé àkàbà?)

"Ẹ óò padà wá, Mà," mo sọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ mi,
"àjà méjìlélógún, lífìtì, balùwẹ̀ nínú yàrá.
Ọdún mẹ́ta péré lẹ ó lò ní àgọ́."
Ó rẹ́rìn-ín.
"Ohun tí wọ́n sọ fún Kashinath tó ń ránṣọ nìyẹn.
Ọdún mẹ́ta yẹn ti di mọ́kàndínlógún
kó tó kú sí Mankhurd."

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.
Ẹ ò bi ẹrú níbi tó sùn lóru iná.

Mo ń ká tépù. Ó ní ó ku ọ̀dẹ̀dẹ̀.
"Fọ́ọ̀mù ò ka ọ̀dẹ̀dẹ̀, Mà. Ti gbogbo yín ni."
"Ibẹ̀ ni mo ti ń sùn látọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi níyàwó.
Ọkọ mi, ìyá rẹ̀, àbúrò rẹ̀ mẹ́ta: yàrá ti kún.
Ibẹ̀ ni mo ti ń ṣa òkúta inú ìrẹsì.
Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí wọ́n fi gbé e sọ̀ kalẹ̀.
Inú yàrá? Ẹrù ló ń gbébẹ̀."

Ó mú etí tépù, ó ń lọ.
Ó kọjá ẹnu ọ̀nà kan, ó kọjá òmíràn,
àwọn aládùúgbò ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò lọ́nà,
ọmọdé kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá,
títí tépù fi tán lọ́wọ́ mi
tí òun ò sì tíì dúró.

Mo wá ojú ibi tí n ó kọ ọ́ sí. Kò sí.
Mo kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́ọ̀mù,
níbi tí ojú ọ́fíìsì kì í dé.

Yàrá kẹtàlélógójì ti gbálẹ̀ dè mí.